Bí Òkété Bá Dàgbà: Ẹ Jẹ́ Ká Kọ́ Ìtọ́jú Àgbà Tí Iyè Rẹ̀ Ti Ń Rà

Ọ̀rọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí nọ́ọ̀sì àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ẹgbẹ́ wa

  

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹgbẹ́ mélòó ni wọ́n dá sílẹ̀ tí kò pé ọdún mẹ́ta kó tó túká lórí ọ̀rọ̀ owó tàbí ọ̀rọ̀ ipò? Ẹ̀yin dúró. Ẹ ti bá ara yín sin òbí, ẹ ti bá ara yín ṣe ìyàwó ọmọ, ẹ sì ti wọ aṣọ kan náà jáde ní Ojúde Ọba tí gbogbo ayé ń wò yín. Mo fi bí ọdún mẹ́fà sí méje ṣe ẹ̀gbọ́n fún ọ̀pọ̀ nínú yín, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń bá àbúrò sọ̀rọ̀.

Nígbà tí Akọ̀wé ẹgbẹ́ wá bá mi nílé pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìlera, ó rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo máa mú ẹnu lé. Mo ní rárá. Gbogbo yín ti gbọ́ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n sì wà nílé ọ̀pọ̀ nínú yín. Ohun tí a kì í sọ ní gbangba ni mo fẹ́ sọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí ojú ń rí nínú ilé tí bàbá tàbí ìyá ti ń gbàgbé ara rẹ̀, àti bó ṣe jẹ́ pé a kò kọ́ ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ẹni bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe nọ́ọ̀sì, ìbáà ṣe ọmọ bíbí inú.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo gbẹ̀bí, mo wẹ egbò, mo dúró ti ẹni tó ń kú lọ. Síbẹ̀, nígbà tí àrùn yìí dé bá ìyá tó bí mi lọ́mọ, n kò dá a mọ̀.

Ìṣirò owó ló kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ màmá. Ẹni tó ta gààrí àti ẹ̀wà fún ogójì ọdún, tí kò kọ nǹkan kan sílẹ̀ rí, tó sì mọ iye tí oníbàárà kọ̀ọ̀kan jẹ ẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn èèyàn ní ṣéńjì tó pọ̀ ju owó tí wọ́n san lọ. A rẹ́rìn-ín. A ní àgbà ti dé. Kò pẹ́, ó ń gbé ìkòkò kaná, ó ń gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí yóò fi jó. Lẹ́yìn náà, ó ní wọ́n ń jí owó òun. Bí a bá wá owó náà káàkiri, abẹ́ ìrẹsì nínú àpò ni a máa ń bá a.

Lọ́jọ́ kan, ó nàka sí ọmọbìnrin tó ń bá a gbélé pé òun ló jí iyùn òun. Mo gba màmá gbọ́. Mo dá ọmọ náà padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn olè. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni a rí iyùn yìí nínú bàtà àtijọ́ kan, tí màmá fi àkísà dì í mọ́bẹ̀. Mo lọ kúnlẹ̀ fún ìyá ọmọ náà. Wọ́n dárí jì mí, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò padà wá mọ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Orúkọ olè kì í tètè kúrò lára ọmọ ẹni.

Èyí tó le jù ni ti ìrọ̀lẹ́. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, màmá á di ẹrù rẹ̀, á ní òun ń lọ sílé. Inú ilé tó fi owó ara rẹ̀ kọ́ ló wà o! Màá ní, “Màmá, ilé yín rèé.” Á ní irọ́ ni mò ń pa. Màá tún un sọ, á fà á, èmi náà á fà á. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó lu ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ rẹ̀ fi wú. Mo jágbe mọ́ ọn, èmi tí mo ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì kékeré pé wọn kò gbọdọ̀ jágbe mọ́ aláìsàn. Màmá dákẹ́, ó wò mí, ó wá ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni yín?”

Ẹ̀yin ará, ìyá mi ló ń fi “ẹ” bá mi sọ̀rọ̀, tó ń pè mí ní “mà”, bí ẹni tó ń bẹ àlejò kí ó má na òun. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo mọ̀ pé n kò mọ nǹkan kan.

ORÚKỌ ÀRÙN NÁÀ

Àwọn èèyàn ò dákẹ́. Àwọn kan ní ká gbé e lọ sórí òkè àdúrà. Àwọn kan sọ sí mi létí pé kí n bi í léèrè ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́. Ẹ mọ ọ̀rọ̀ tí wọn ò pè lórúkọ. Ìyá arúgbó tó bá ń rìn kiri lóru, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó sì ń dáhùn ìbéèrè tí kò yé e, kíá ni wọ́n á ní ó ń jẹ́wọ́ àjẹ́. Ilẹ̀ yìí ti rí ìyá arúgbó tí wọ́n sọ lókùúta lórí irú ìjẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ṣì ọ̀nà ilé ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn baba wa mọ̀ pé nǹkan yìí wà. Wọ́n ní, “ó ń ṣarán.” Wọ́n tún ní, “iyè rẹ̀ ti rà.” Mo fẹ́ràn èkejì yẹn, torí pé òótọ́ ló sọ. Ohun kan ló ń rà nínú ọpọlọ, bí igi àjà ṣe ń rà. Igi tó rà kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Dókítà ará Jámánì kan tó ń jẹ́ Alois Alzheimer ló sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní 1906. Obìnrin kan ni wọ́n gbé wá sí ilé ìwòsàn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Frankfurt ní 1901, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta. Ó ti ń fura sí ọkọ rẹ̀ láìnídìí, kò sì lè kọ orúkọ ara rẹ̀ parí mọ́. Nígbà tí obìnrin náà kú, dókítà yìí wo ọpọlọ rẹ̀, ó sì rí i pé ó ti sún kì, pé ohun àjèjì ti gbára jọ sínú rẹ̀. Orúkọ dókítà yẹn ni wọ́n fi ń pe èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú oríṣi àrùn yìí. Òmíràn wà tó ń wá láti inú ẹ̀jẹ̀ ríru àti rọpárọsẹ̀, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ mọ́.

Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn o, ẹ má bẹ̀rù. Bí ẹ bá gbàgbé iye tí ẹ san fún aṣọ ẹgbẹ́ ọdún tó kọjá, ẹ má dààmú. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá di aṣọ náà mú tí kò mọ ibi tí wọ́n ń ti orí bọ̀ ọ́, tàbí tó ṣìnà ní àdúgbò tó ti ń gbé fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

KÌ Í ṢE ÀRÙN ÒYÌNBÓ

Àwọn kan máa ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, pé kò sí ní ilẹ̀ wa. Nílẹ̀ wa níbí ni wọ́n ti ṣe ọ̀kan nínú àwọn ìwádìí tó lókìkí jù lórí rẹ̀ lágbàáyé. Láti 1992, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn, lára wọn Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà dọ́wọ́ pọ̀. Wọ́n ń lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdíkàn, n'Ìbàdàn, wọ́n ń bá àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin sọ̀rọ̀. Wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú ní Indianapolis, àwọn tí baba ńlá wọn ti Áfíríkà lọ.

Ní 2001 ni wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde. Àgbà 2,459 ni wọ́n tọpasẹ̀ wọn ní Ìbàdàn. Nínú ẹgbẹ̀rún àgbà, bíi mẹ́tàlá sí mẹ́rìnlá ni àrùn yìí ń mú lọ́dọọdún ní Ìdíkàn, nígbà tó lé ní ọgbọ̀n ní Indianapolis. Tiwa kò tó ìdajì tiwọn. A dúpẹ́. Ṣùgbọ́n mẹ́tàlá kì í ṣe òdo. Ìyá ẹnì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé mílíọ̀nù mẹ́tàdínlọ́gọ́ta èèyàn ló ń bá àrùn yìí gbé láyé ní 2021, pé ó sì lé ní ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wọn tó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè bíi tiwa tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí ẹ̀mí wa bá ṣe ń gùn sí i, bẹ́ẹ̀ ni iye wọn á máa pọ̀ sí i. A ń gbàdúrà kí a dàgbà kí a dogbó. Ó yẹ kí a múra sílẹ̀ de àdúrà tí a ń gbà.

Nǹkan kan wà tí mo ṣàkíyèsí fúnra mi. Ọ̀wọ̀ tí a ní fún àgbà ló máa ń bo àrùn yìí mọ́lẹ̀. Ní ilé Yorùbá, bí màmá bá ti lé ní ọgọ́rin ọdún, a kì í jẹ́ kó dáná mọ́, a kì í rán an lọ sọ́jà, a kì í bi í ní ìbéèrè lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí a ò gbé iṣẹ́ kankan fún un, báwo la ṣe fẹ́ mọ̀ pé kò lè ṣe é mọ́? Ọjọ́ tó bá ṣìnà lọ sí títì márosẹ̀ ni a ó tó mọ̀.

OHUN TÍ WỌN KÒ KỌ́ WA NÍLÉ ÌWÒSÀN

Mo ní láti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wí díẹ̀, mo sì ń bá ara mi wí pẹ̀lú. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀kọ́ tí a gbà lórí àrùn yìí kò ju wákàtí kan lọ. Lẹ́yìn tí mo gba ìwé ẹ̀rí, ẹnì kan kò pè mí sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kankan lórí rẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àìmọ̀ yẹn fà. Ibà gbé màmá dè, a gbé e lọ sílé ìwòsàn kan. Ibi àjèjì, iná tó mọ́lẹ̀ lóru, àwọn ojú tí kò mọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, ó sì fa abẹ́rẹ́ omi yọ. Nígbà tí mo dé láàárọ̀, wọ́n ti fi báńdéèjì so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́ bẹ́ẹ̀dì. N kò pariwo lé wọn lórí, nítorí mo mọ̀ pé èmi náà ti so ẹlòmíràn mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí, mo sì rò pé iṣẹ́ rere ni mò ń ṣe. Bí ẹnì kan bá ti kọ́ wa ni, a ó mọ̀ pé kí ọmọ rẹ̀ kan jókòó tì í lóru, kí iná rọlẹ̀, kí nọ́ọ̀sì kan náà máa wá bá a, á ṣe é láǹfààní ju okùn lọ.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tún wúlò fún ohun mìíràn. Kì í ṣe gbogbo ẹni tí orí rẹ̀ dàrú ni iyè rẹ̀ rà. Bí àgbà bá ṣàdédé yí padà láàrin ọjọ́ méjì mẹ́ta, ibà lè wà ńbẹ̀, tàbí kòkòrò inú ìtọ̀, tàbí àìmu omi tó. Ẹlòmíràn ti ṣubú ní báluwẹ̀ lóṣù tó kọjá, ẹ̀jẹ̀ sì ti ń kóra jọ sábẹ́ agbárí rẹ̀. Àìtó fítámì B12, àìsàn ẹṣẹ́ tó wà lọ́rùn, àti ìbànújẹ́ ọkàn lẹ́yìn ikú ọkọ tàbí aya lè dà bí àrùn yìí. Ìwọ̀nyí ní ìwòsàn! Ẹ wá wo ìyá tí wọ́n ní “ọjọ́ orí ni”, tí wọ́n dá padà sílé, nígbà tó jẹ́ pé òògùn ọjọ́ mélòó kan ni ì bá wò ó sàn.

Ẹ tún ṣọ́ra fún òògùn kẹ́mísìtì. Piriton tí ẹ ń fún màmá kó lè sùn, àti àwọn òògùn oorun mìíràn, máa ń da orí àgbà rú sí i. Kí ẹ tó fún un, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà.

Àwọn ibi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ yìí wà o. UCH n'Ìbàdàn ní ilé ìtọ́jú tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn àgbà láti 2012, èyí tí wọ́n fi orúkọ Olóyè Tony Anenih pè. Ṣùgbọ́n mélòó nínú àwọn ìyá wa ló lè dé Ìbàdàn? Ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ní àdúgbò ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé e lọ, níbẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀kọ́ ti ṣọ̀wọ́n jù.

ẸNI TÓ KỌ́ MI

Ṣé ẹ mọ ẹni tó padà kọ́ mi? Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Olùkọ́ ìṣirò ni níbí, kó tó lọ sí ìlú ọba ní 2022, nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà físà fún àwọn tó fẹ́ wá tọ́jú àgbà. Kí wọ́n tó jẹ́ kó dá ṣiṣẹ́, wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́. Láti 2015 ni ìwé ẹ̀rí kan ti wà ní England fún irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀, Care Certificate ni wọ́n ń pè é, ẹ̀kọ́ nípa àrùn ìgbàgbé sì wà lára rẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò yìí fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọ́ ohun tí èmi nọ́ọ̀sì kò fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́.

Ó pè mí lórí fídíò ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ń gbọ́ bí mo ṣe ń bá màmá fà á. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ má bá Ìyá Àgbà jiyàn mọ́. Ẹ ní kí wọ́n sọ ilé tí wọ́n ń lọ yẹn fún yín.” Mo bínú díẹ̀, pé ọmọdé ń kọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo gbìyànjú rẹ̀. Mo ní, “Màmá, báwo ni ilé yẹn ṣe rí?” Ó gbé ẹrù sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa agboolé bàbá rẹ̀, igi ọsàn tó wà lẹ́yìn ilé, odò tí wọ́n ti ń pọnmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó bọ́ sínú odò náà. Kí ó tó sọ̀rọ̀ tán, ó ti gbàgbé pé òun ń lọ. Ilé tó ń wá kò sí mọ́ láyé. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan bá òun débẹ̀ ni.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́, díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ka díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ mú un lọ sílé.

Ẹ má fi ìdánwò kí wọn. Gbogbo àlejò tó bá wọlé, ohun tí wọ́n á kọ́kọ́ sọ ni, “Màmá, ṣé ẹ mọ̀ mí? Ta ni mí?” Ìtìjú ni ẹ ń fún un. Ẹ dúró níwájú rẹ̀ kó rí ojú yín, ẹ ní, “Màmá, ẹ káàárọ̀ mà. Èmi rèé, ọmọ yín, mo ti dé.” Ó parí.

Ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sọ pé, “Ẹ dìde, ẹ lọ wẹ̀, ẹ wá jẹun, mọ́tò ń dúró.” Ẹ ní, “Ẹ dìde, mà.” Bí ó bá dìde tán, ẹ sọ èyí tó kù.

Bí ó bá ń pariwo tàbí ó ń jà, ẹ wá ìdí rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, inú rẹ̀ há, eyín ń dùn ún, tàbí òtútù ń mú un. Ẹnu rẹ̀ kò lè sọ ọ́ mọ́, ara ló fi ń sọ ọ́.

Ìwẹ̀ máa ń di ìjà nítorí ìtìjú ni. Ẹ gbé omi lọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀, ẹ fi ìró bò ó, kí ẹ máa ṣí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kọ̀ láàárọ̀, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀sán. Àìwẹ̀ lójúmọ́ kan kò pa ẹnikẹ́ni.

Ẹ fún un níṣẹ́. Mo gbé atẹ ẹ̀wà fún màmá kó máa ṣà á. Èyí tó ṣà sọ́tọ̀, bí ó bá tún dà á pọ̀, n kò wí nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ rántí ẹ̀wà lẹ́yìn tí orí rẹ̀ ti gbàgbé èmi.

Ẹ tún ilé ṣe. Ẹ máa pa gáàsì láti ìdí rẹ̀. Ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí hypo sínú ìgò omi. Ẹ jẹ́ kí iná kékeré máa tàn ní ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lóru. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín, kí ẹ rán an mọ́ aṣọ rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìkòríta àti ìyá tó ń ta búrẹ́dì pé bí wọ́n bá rí màmá, kí wọ́n dá a dúró kí wọ́n sì pè yín. A máa ń fi ọ̀rọ̀ yìí pa mọ́ nítorí ìtìjú, ṣùgbọ́n àdúgbò tí kò mọ̀ kò lè ràn yín lọ́wọ́.

Èyí tó kẹ́yìn ni oríkì. Màmá gbàgbé orúkọ mi, ó gbàgbé ọdún tí a wà, ó gbàgbé pé bàbá mi ti kú. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe oríkì rẹ̀, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki orílẹ̀ rẹ̀, á gbé orí sókè, á bá mi parí rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi kí i nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́ ló kẹ́yìn tó fi í sílẹ̀.

TA NI Ó Ń RU ẸRÙ NÁÀ?

WHO sọ pé wákàtí márùn-ún lójúmọ́ ni àwọn ará ilé àti ọ̀rẹ́ ń lò lórí ẹni tó ní àrùn yìí, pé àádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí ìtọ́jú ló sì wà lọ́wọ́ obìnrin. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Nínú ọmọ mẹ́fà, ọ̀kan ni wọ́n máa ń fi màmá sílẹ̀ fún, ọmọbìnrin tí kò lọ́kọ, tàbí èyí tí owó rẹ̀ kéré jù, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Àwọn yòókù á fi owó ránṣẹ́. Owó dára, a ò kọ owó. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò sùn fún ọdún méjì, owó nìkan kọ́ ló nílò. Bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n na àgbà nílé kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìgbà tí ẹni tó nà án sùn kẹ́yìn, àti bóyá ẹnikẹ́ni ti kọ́ ọ ní nǹkan kan rí. Èmi kò gbè sẹ́yìn ẹni tó ń na àgbà o. Mo kàn mọ bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ tún wo ohun kan. Àwọn ọmọ wa ní ìlú ọba gba ẹ̀kọ́ láti tọ́jú ìyá onílẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa. Ìyá tiwọn ńkọ́? Ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ kankan ló ń tọ́jú rẹ̀ níbí. N kò bú àwọn ọmọ wa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀kọ́ náà kò wúwo, kò sì jìnnà. Ó lè wọ inú fóònù.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ LÈ ṢE

Ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́ orí kan náà ni yín. Àwọn òbí yín ń wọ ọgọ́rin àti àádọ́rùn-ún ọdún lọ lákòókò kan náà, ẹ̀yin náà á sì jọ darúgbó lákòókò kan náà. Kò sí ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí kàn tó yín. Nítorí náà mo ní ẹ̀bẹ̀ márùn-ún.

Àkọ́kọ́, ẹ ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tó ń tọ́jú àgbà nílé. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ àrùn Alzheimer lágbàáyé, ẹ lè lò ó. Kí ẹ pe ọmọ ọ̀dọ̀ wá, kì í ṣe ọ̀gá rẹ̀ nìkan. WHO ní ìwé ẹ̀kọ́ kan fún àwọn ará ilé, iSupport lorúkọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn olùkọ́ wà nínú yín tó lè sọ ọ́ di Yorùbá tó máa yé ìyá ọlọ́jà.

Èkejì, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka ìlera ìjọba ìbílẹ̀, kí ẹ sì lọ bá wọn jókòó, pé kí wọ́n dá àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn alábọ́dé lẹ́kọ̀ọ́ lórí àrùn yìí. Bí wọ́n bá ní kò sí owó, ẹ̀yin ẹ san ti ilé ìwòsàn kan ṣoṣo, kí àwọn tó kù wá wò ó.

Ẹ̀kẹta, ẹ ṣe ètò ìsinmi. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ń tọ́jú òbí tí iyè rẹ̀ rà, kí ẹni méjì máa lọ jókòó ti òbí náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ lè sùn, tàbí kó lọ sọ́jà.

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ owó. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. A mọ iye tí ẹgbẹ́ máa ń dá bí òbí ọmọ ẹgbẹ́ bá kú. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá owó náà, kí ẹ fi ra bẹ́ẹ̀dì, pámpáásì àti òògùn fún òbí náà nígbà tó ṣì ń mí.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ sọ òótọ́ fún ara yín. Ọ̀rẹ́ ló máa ń kọ́kọ́ rí i pé akápò tí kì í ṣìṣirò ti ń ṣìṣirò. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ẹ mú un lọ́wọ́ lọ sílé ìwòsàn. Ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ yín nísinsìnyí, nígbà tí orí yín pé, irú ìtọ́jú tí ẹ fẹ́.

Lórí ìdènà, ọ̀rọ̀ mi kò gùn. Àwọn onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet kó jọ sọ ní 2024 pé bí a bá bójú tó nǹkan mẹ́rìnlá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì àrùn yìí tí a lè dènà tàbí sún síwájú. Lára wọn ni ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, sìgá, ọtí àmujù, ìjókòó sójú kan, etí tí kò gbọ́ràn mọ́, ojú tó ń ṣókùnkùn, àti ìdánìkanwà. Nítorí náà, ẹ lo òògùn yín, ẹ máa rìn, ẹ má sì tijú láti lo ẹ̀rọ etí. Ní ti ìdánìkanwà, ìpàdé oṣooṣù yín yìí gan-an jẹ́ òògùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ti ń gbàgbé yẹra fún un. Ẹ lọ gbé e wá.

ÌKÁDÌÍ

Màmá ti lọ. Ìsìnkú rẹ̀ kún, a pa màlúù, a wọ aṣọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bá rántí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú ni mo máa ń rántí. Alẹ́ tí mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni mo máa ń rántí, lẹ́yìn náà ni màá rántí ọ̀sán kan tí a jọ ń ṣẹ̀wà, tó wò mí, tó ní, “Ọwọ́ yín mọ̀ ọ́n ṣà o. Ta ló kọ́ yín?” Mo ní, “Ìyá mi ni.” Ó ní, “Ìyá yín ṣe dáadáa.”

Ó yẹ kí n ti ní irú ọ̀sán bẹ́ẹ̀ láti ọdún méjì ṣáájú, ká ní ẹnì kan ti kọ́ mi ni. Ìdí tí mo fi dúró níwájú yín lónìí nìyẹn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń fún ni lọ́mú.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹgbẹ́ yìí ṣe ogún ọdún, kó ṣe ọgbọ̀n. A ó dàgbà, a ó dogbó, iyè wa kò ní í rà. Bí ti ẹnikẹ́ni nínú wa bá sì rà, ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú ni yóò wà nítòsí rẹ̀.